Asagao Ò Ṣeé Já Lọ Kí Aláìsàn

Gbé e padà. Chigusa, mo ní kó o gbé páálí àdídùn ẹ̀wà yẹn padà sínú báàgì ẹ, mi ò ní jẹ ẹ́, mi ò ní tọ́ ọ wò, mi ò sì ní gbé e síwájú pẹpẹ àwọn òbí wa tó ti kú, torí àwọn náà ò ní fọwọ́ kàn án bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ tí wọ́n fi rán ẹ. Ọmọ tó wọkọ̀ ojú irin láti Nagoya nínú ooru yìí, tó yẹ kó lọ jókòó ti bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ní kó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi, kó wá fi ohùn tútù sọ fún mi pé kí n jọ̀ọ́ kí n má yọjú sí ọsibítù mọ́, kí n sì wá bẹ òun. Kí n wá bẹ òun. Èmi Fusae. Kí ni mo ṣe tí mo máa bẹ̀ ẹ́ sí?

Jókòó. Bọ́ bàtà ẹ, jókòó síbi àbáwọlé níbẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀ díẹ̀. Tíì ọkà bálì wà nínú fìríìjì, ó ti tutù, bù ú mu. Mi ò bá ìwọ jà, ìwọ ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é, o sì ti gbọ́ ti ìyá ẹ. Wàá gbọ́ tèmi náà lónìí, wàá sì gbọ́ ọ tán kó o tó kúrò nílé yìí.

Wọ́n ní mo gbé òdòdó inú ìkòkò lọ fún aláìsàn. Òótọ́ ni, mo gbé e lọ. Ṣé mo sẹ́ ni? Wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé òdòdó tó ní gbòǹgbò kì í wọ yàrá aláìsàn ni, pé bí gbòǹgbò ẹ̀ ṣe ń mú erùpẹ̀ nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn náà á ṣe ta gbòǹgbò sórí bẹ́ẹ̀dì tí ò ní dìde níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀. Ta ni ò mọ̀? Ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́tipẹ́ kí ìyá ẹ tó mọ ọ̀nà ilé yìí. Gbogbo àwọn tí mo ti ń lọ kí ní ọsibítù láti kékeré, ṣé wọ́n rí i kí n gbé òdòdó tsubaki lọ rí, èyí tí orí ẹ̀ máa ń já bọ́ lódindi bíi pé wọ́n bẹ́ ẹ? Ṣé mo gbé òdòdó funfun tí a fi ń sin òkú lọ fún ẹnì kan rí? Òdòdó jíjá ni mo máa ń gbé lọ, tí wọ́n fi bébà wé dáadáa, bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń ṣe.

Ṣùgbọ́n asagao, òdòdó tó wà nínú ìkòkò yẹn, ò ṣeé já. Èyí ni mo ń sọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Ìdájí ló ń là, kí oòrùn sì tó dé àtàrí, ó ti káwọ́ jọ, ó ti rọ bí aṣọ tí wọ́n fún omi ẹ̀. Bó o bá já a, kó o tó gbé e dé ibùdókọ̀ tó wà níwájú yẹn, ó ti pa dé mọ́ ẹ lọ́wọ́. Orí ìtàkùn ẹ̀ nìkan ló ti ń ṣẹwà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kí wọ́n gbé òun àti ìkòkò ẹ̀ fún un, kò sọ́gbọ́n mìíràn. Mo sọ ọ́ fún ìyá ẹ lọ́jọ́ náà, mo ní Nobue, kò ṣeé já, mo ní bó bá ṣeé já ni, mi ò bá ti já a. Ó ní kí n pa ẹnu mi dé.

Ẹnu èmi. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ẹ, dùbúlẹ̀ sí.

Ìwọ ò dàgbà níbí, ilé alájà gíga lẹ ti dàgbà, níbi tí fàráńdà yín kọ ẹ̀yìn sí oòrùn láti January dé December. Kí lèèyàn fẹ́ gbìn síbẹ̀ tó máa ṣe rere? Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìkòkò bàbá ẹ fi wà lọ́dọ̀ mi látìgbà tí wọ́n ti gbé ìyá ẹ níyàwó. Wo ojú ọ̀nà yìí, wo bó ṣe tóóró tó, kẹ̀kẹ́ méjì ò lè ya ara wọn níbẹ̀, síbẹ̀ a tò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn mi títí dé ìdí òpó iná, èyí tó wà nínú ìkòkò amọ̀, èyí tó wà nínú àpótí fóòmù tí wọ́n fi ń kó ẹja, èyí tó wà nínú kẹ́tùlù tí ìdí ẹ̀ ti jò. Nígbà ooru, bàbá ẹ á ti dé kí n tó jí. Wọ́n á ti ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ti máa wo èyí tó là. Wọn kì í kí mi. Wọ́n á kàn ní, "Fusae, wá wo eléyìí." Ìkíni àwa méjèèjì nìyẹn. Màá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a ò ní sọ̀rọ̀, inú mi á dùn débi pé màá gbàgbé pé mi ò tíì bọ́jú. Mi ò mọ nǹkan tó tún dáa jùyẹn lọ láyé, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ìyá ẹ ò wá rí. Wọ́n pè é o, kì í ṣe pé wọn ò pè é. Àṣìkò tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ní òdòdó tí ò lè dúró di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, kí lòun fẹ́ fi wò, òun ní aṣọ tóun máa sá. Ó dáa, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Aṣọ náà ṣe pàtàkì, kò sì sọ́jọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ tó dọ̀tí, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá wo nǹkan rí, ó yẹ kó rọra nígbà tó bá fẹ́ jù ú síta.

Àbí o rò pé asagao lásán ni? Asagao lásán pọ̀ ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbìn ín. Èyí tí mò ń sọ yìí, bàbá wa ló fi sílẹ̀. Ewé òdòdó ẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ìyẹ́ àdàbà, bó bá là, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ò ní mọ̀ pé asagao ni. Àmọ́ ó yàgàn. Kò sí èyí tó lẹ́wà bẹ́ẹ̀ nínú wọn tó ń so hóró kan. Àwọn àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ ti inú èso kan wá, àwọn tí òdòdó wọn rí bíi ti gbogbo ayé tí ẹnikẹ́ni ò ní yíjú wò lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ló ń so. Hóró tiwọn ni wàá ṣà pa mọ́, tiwọn ni wàá gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, wàá wá máa retí bóyá ọ̀kan lára ọmọ wọn á bá ìran náà jáde. Bó bá máa jáde, ewé méjì tó kọ́kọ́ hù ni wàá fi dá a mọ̀, wọ́n á lọ́, wọ́n á rún wúruwùru. Ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ó ń ṣàìsàn, á sì fà á tu.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀kan ti jáde kẹ́yìn. Ìjì tó gbé òrùlé Hatano aládùúgbò wa lọ lọ́dún yẹn gbé ìkòkò wa púpọ̀ lọ, látìgbà náà la ti ń gbìn, tí a ń wo ewé, gbogbo ewé á sì tẹ́jú dẹdẹ. Bàbá ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbìn ín, ọdọọdún ni wọ́n ń gbìn ín.

Nígbà tó di ọdún yìí, o rántí pé wọ́n ti rù gan-an kó tó di pé a gbìn ín. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé àpótí ẹja kan wá kí wọ́n jókòó lé. Èmi ni mò ń gbìn, àwọn ń fi abẹ̀bẹ̀ tọ́ka, wọ́n ń bá mi wí bí ẹni tí ò gbin nǹkan rí láyé: ó ti jìn jù, kò jìn tó, o ti fi omi pa á. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da agolo omi lé wọn lórí. Ìgbà tí wọ́n wá hù, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé ibì kan, wọ́n dúró. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, "Fusae, òun nìyí." Ewé méjì náà lọ́, wọ́n rún bíi bébà tí wọ́n fún mọ́wọ́. Chigusa, mo fi pẹpẹ ilé wa búra fún ẹ, mi ò rí i kí ẹ̀gbọ́n mi sunkún rí àfi ọjọ́ yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà lòjò bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gbé bàbá ẹ lọ sí ọsibítù.

O wá rò pé ó rọrùn ni? Òjò tó ń rọ̀ láìdábọ̀ yẹn, ó ń jẹ gbòǹgbò òdòdó rà, mo gbé e wọlé, mo gbé e jáde, mo gbé e wọlé, mo gbé e jáde. Àwọn ìgbín tí ò ní ìkarahun yẹn, wọn ò jẹ nǹkan mìíràn lójú ọ̀nà yìí, àfi òun. Igi ìjẹun mi ni mo fi ń hẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá lọ ra òmíràn tí mo ń fi jẹun. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, àwọn kòkòrò pupa wẹẹrẹ bo ìdí ewé ẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún ní ewé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ooru dé, mo fi agboòrùn mi ṣíji bò ó, èmi fúnra mi ń lọ sọ́jà ní gbangba oòrùn, Hatano ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí bàbá ẹ, wọn kì í bi mí nípa ara mi. Ewé mélòó ló ti yọ, ìtàkùn ẹ̀ ti dé ibo lára ọ̀pá, ohun tí wọ́n máa ń bèèrè nìyẹn, ojú wọn á sì mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ kan, ìyá ẹ ti lọ bu omi gbígbóná wá, wọ́n fà mí lọ́wọ́. Ohùn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Wọ́n ní, "Bó bá ti rudi, gbé e wá. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń là." Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ìkòkò ni o, gbòǹgbò ń bẹ níbẹ̀, kí ni Nobue máa wí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi ni mò ń ṣàìsàn, kì í ṣe Nobue." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ìyá ẹ ní irọ́ ni mò ń pa, pé ọkọ òun ò lè bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé bó bá fẹ́ nǹkan òun ló máa sọ ọ́ fún. Ṣé gbogbo nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ láyé ni wọ́n sọ fún un?

Má mi orí ẹ sí mi. Jẹ́ kí n dé ibi tó dùn mí.

Ó rudi. Mo fi aṣọ ìdìpọ̀ ìyá mi di ìkòkò náà láti ìsàlẹ̀, èyí aláwọ̀ ewé yẹn, mo so ìtàkùn ẹ̀ mọ́ ọ̀pá kó má bàa máa fì nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé e lé itan. Ọkùnrin kan dìde fún mi kí n lè gbé e lé ìjókòó tiẹ̀. Èrò mi ni pé kí n gbé e síbi fèrèsé wọn ní ìrọ̀lẹ́, tílẹ̀ bá mọ́, kó là lójú wọn, kí n sì wá gbé e padà ní ọ̀sán. Òru kan péré. Mo dé òkè, mo jáde nínú lífìtì, ìyá ẹ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní, "Fusae, kí lo gbé dání yẹn?" Kò tiẹ̀ fi Àǹtí síwájú orúkọ mi. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, kò pe orúkọ mi lásán bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí ọkọ òun ta gbòǹgbò síbẹ̀ ni, ó ní ṣé ilẹ̀ ò lè mọ́ lọ́jọ́ kan kí n má gbin nǹkan ni, ó ń pariwo, àwọn nọ́ọ̀sì yọrí síta, ẹni tó wá kí aláìsàn ní yàrá kejì yọrí síta, wọ́n ń wo ìkòkò, wọ́n ń wò mí, bíi pé mo gbé ejò wá. Mo ní Nobue, ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n gbé e wá, yà kí n bi wọ́n lójú ẹ. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó já a gbà, kì í ṣe pé mo fún un. Ó gbé e gba ẹnu ọ̀nà ibi àkàbà ìta lọ, ó gbé e kalẹ̀ sórí irin tó gbóná, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Orí ìtàkùn ẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kán. Pẹ̀lú ìrudi tó wà lórí ẹ̀. Mo lọ gbé èyí tó kù níbẹ̀, mo gbé e padà sílé.

Mi ò sunkún. Bí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì, irọ́ ló pa.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara bàbá ẹ gbóná. Ẹ̀n-ẹ́n, ó bọ́ sí i. Wọ́n ní ẹ wá wò ó, ṣé ẹ rí i, gbòǹgbò náà ò tiẹ̀ tíì wọ yàrá tán. Ta ló tan ọ̀rọ̀ náà dé ojú ọ̀nà wa, mi ò mọ̀, mi ò sì bèèrè. Mo kàn jí lọ́jọ́ kejì, mo rí ìkòkò òdòdó kan ní ẹnu ilẹ̀kùn mi, mo wò ó, èmi ni mo fún Hatano. Èmi ni mo ya á lára tèmi nígbà tí ọmọ ẹ̀ bímọ. Ó dá a padà láìsọ nǹkan kan. Ní ilé ìwẹ̀ àdúgbò, mo wọnú omi, àwọn méjì jáde. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Mo ti wà lójú ọ̀nà yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo ti bá wọn sin òkú wọn, mo ti bá wọn fi omi sí òdòdó wọn nígbà tí wọ́n bá rìnrìn àjò, àmọ́ lójú wọn báyìí, èmi ni mo gbé ikú lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá ẹ ló fi mí síbẹ̀. Ó wá ní kí n bẹ òun.

Mi ò bẹ̀. Bí wọ́n fẹ́ kí n máa dá nìkan wẹ̀ títí màá fi kú, omi náà á tó mi.

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, má bínú. Dìde, wá wò ó. Tẹ̀ síbí, rọra, má fi báàgì ẹ kàn án. O rí ibi tó ti kán? Mo rò pé ó tán ni. Mo kàn ń fi omi sí i torí pé ó ti mọ́ mi lára. Ó wá yọ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbí yìí, ẹ̀ka náà sì rudi. Wo bó ṣe lọ́, wo bó ṣe wú, wo ibi tí àwọ̀ ti ń hàn lábẹ́. Ọ̀la ni. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ọ̀la ló máa là, ìrudi kan ṣoṣo ló sì wà lórí ẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò ní ọsibítù, nígbà yẹn ó ti rọ. Ohun tí mò ń rò láti àárọ̀ nìyẹn, mo wá gbọ́ ohùn ẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ìyá ẹ ti yí ọkàn padà, àfi páálí àdídùn.

Kí lo sọ?

Gbé ohùn sókè, àwọn kòkòrò tó ń ké lórí igi yìí ò jẹ́ kí n gbọ́.

Dókítà sọ pé kí ni?

Jókòó. Rárá, ìwọ jókòó, màá dúró. Ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Ọjọ́ tí mo gbé ìkòkò lọ gan-an? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà? Ó pe ìyá ẹ sí yàrá kan, ó sọ fún un pé bàbá ẹ ò ní jáde níbẹ̀ mọ́, ìyá ẹ jáde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì rí mi tí mo gbé ìkòkò dání.

Hùn-ún.

Ẹ wá mọ̀, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sì dákẹ́ fún mi. Èmi àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù. Inú ilé kan náà la ti jẹun. Ẹ jẹ́ kí n máa sáré kiri pẹ̀lú agboòrùn, kí n máa hẹ ìgbín. Má sunkún, mi ò bá ẹ wí. Ó yẹ kí n bá ẹ wí o, ṣùgbọ́n n ò ní bá ẹ wí lónìí. Nu ojú ẹ.

Kò lè pariwo mọ́ dókítà. Mo ti rí i báyìí. Kò lè pariwo mọ́ bàbá ẹ náà, torí wọn ò gbọdọ̀ mọ̀. Èmi ló rí, èmi àti ìkòkò mi. Ó dáa. Àmọ́ má lọ sọ fún un pé mo ti dárí jì í o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí, Hatano ò sì ní gbọ́ àlàyé yìí kó tó dá mi lẹ́bi. Mo kàn sọ pé mo ti rí i ni.

Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n máa wà, gbòǹgbò wo ló kù tí à ń bẹ̀rù? Kí wọ́n ta gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò asagao bá lè mú èèyàn dúró sílé ayé, Chigusa, màá gbé gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà yìí lọ, màá tò ó láti ìdí lífìtì títí dé orí bẹ́ẹ̀dì wọn, màá gbé ti Hatano tó dá padà mọ́ ọn, kí gbogbo wọn dì wọ́n mú síbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì máa fò wọ́n kọjá. Jẹ́ kí wọ́n wá lé mi. Ṣé ẹni tí kò ní dìde mọ́ ló yẹ ká gba ìran tó wù ú lójú ẹ̀, nítorí kó lè dìde?

Ìyá ẹ ń sùn níbẹ̀ báyìí, àbí? Wọ́n ti gbà fún un. Mo ṣebí bẹ́ẹ̀. Èmi, wọn ò lè jẹ́ kí n wọlé ní ìdájí, ìwọ náà wọn ò lè jẹ́ kó o wọlé. Òun nìkan ló wà nínú. Gbọ́ nǹkan tí wàá sọ fún un, kó o má yọ nǹkan kan kúrò. Sọ fún un pé n ò bẹ̀bẹ̀. Sọ fún un pé mo ní kó má kí mi bó bá fẹ́, kó má pè mí ní Àǹtí mọ́ títí ayé, n ò bìkítà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni màá wọ̀ lọ́la, màá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí ọkọ̀ oúnjẹ ń gbà wọlé, èmi àti ìkòkò yìí, òun ni kó sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á. Mi ò ní wọlé. Kò ní rí ojú mi lókè. Òun tó gbé e síta, òun ni kó gbé e wọlé fún ọkọ ẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ̀. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, màá dúró síbẹ̀ títí yóò fi rọ mọ́ mi lọ́wọ́, kí gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ wọlé fi òdòdó bàbá wa ṣèran wò, kí wọ́n sì bèèrè ìdí ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹnu, màá sọ ọ́ fún wọn.

Sọ fún un pé ìdí ìkòkò ni kó ti gbé e, kì í ṣe etí ẹ̀. Kó má fi ìtàkùn kan ilẹ̀kùn. Kó gbé e sí apá òsì wọn, nítòsí gan-an, torí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kó jókòó tì wọ́n, kó má lọ fọ nǹkan kan, kó má lọ bu omi kankan. Bó bá ti ń là, kó máa sọ ọ́ fún wọn bó ṣe ń ṣe, kó sì sọ àwọ̀ ẹ̀ fún wọn. Bí kò bá mọ orúkọ àwọ̀ náà, kó bi wọ́n, wọ́n á sọ ọ́ fún un. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí kó bèèrè.